Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe Irinṣẹ́ Ìgbẹ́nu Páìpù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi páìpù róbótó ṣe réèlì àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀dì onírin tàbí férémù kánópì rí ni yóò mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń gba sùúrù. Páìpù onígun mẹ́rin kò ní wàhálà: a óò gé e kí ojú rẹ̀ tẹ́, a óò gbé e ti ẹgbẹ́ rẹ̀, a óò sì jó wọn pa mọ́ra. Ti róbótó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́, tí a sì gbé e ti òpó róbótó tí ó dúró ṣánṣán, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò kan òpó náà. Àlàfo tí ìka lè wọ̀ yóò ṣí sílẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó di dandan kí a gbẹ́ ẹnu páìpù náà wọnú, bí ẹnu ẹja tí ó ya sílẹ̀, kí ó lè gbá ara òpó mọ́ra yíká.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa wẹ́dà ni ó ń fi fáílìn maṣíìnì àti ojú lásán ṣe iṣẹ́ yìí. A óò yọ díẹ̀ níhìn-ín, a óò gbé e wò, a óò tún yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Fún oríkèé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀nà náà dára, n kò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n réèlì àtẹ̀gùn ilé alájà kan lè ní oríkèé tí ó lé ní ọgọ́ta, bí ẹnu páìpù kan bá sì yàtọ̀ sí ti èkejì, electrode, ìyẹn ọ̀pá irin tí a ń yọ́ sí ojú ibi tí a ń jó, ni a óò máa fi dí àlàfo tí ó kù. Páìpù tí ara rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà 1.5 lọ kì í gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bí àlàfo bá ti ju mìlímítà 1 lọ, iná yóò lu ara páìpù já, a óò sì wá máa jókòó ti ihò tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé ń lo ayùn róbótó, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní hole saw, pẹ̀lú dírílì ọwọ́ lásán. Ṣáfútì kan, ìyẹn irin gbọọrọ tí ń yí, ni yóò gbé ayùn náà, ilé kan tí ó ní búùṣì méjì, ìyẹn òrùka idẹ tí ṣáfútì ń yí nínú rẹ̀, ni yóò di ṣáfútì mú kí ó má baà mì, apá kan tí ó ṣeé yí yóò sì gbé páìpù sí iwájú ayùn ní irú igun tí a bá fẹ́. Ẹni tí ó bá mọ irin í jó, tí ó sì ní ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ irin ní àdúgbò rẹ̀, lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ dúró lé

Ẹ fojú inú wo ìlà kan tí ó la àárín ṣáfútì já láti ìdí dé orí, kí ẹ sì wo òmíràn tí ó la àárín páìpù já. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ọ̀kan bá gba òkè èkejì kọjá, kódà kí ó jẹ́ mìlímítà 2 péré, etí kan nínú ẹnu tí a gbẹ́ yóò gùn ju èkejì lọ, kò sì sí bí a ṣe lè yí páìpù náà tí yóò fi jókòó dáadáa.

Mo mọ èyí nítorí pé irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe kọ́ mi. Mo wọn ohun gbogbo dáadáa, mo sì jó o pa mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró kí irin tutù. Nígbà tí a fi gbẹ́ páìpù àkọ́kọ́, ọmọṣẹ́ mi gbé e ti òpó, ó gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ọ̀gá, mo ń rí ìta láti apá ìsàlẹ̀.” Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ń yọ lábẹ́ oríkèé náà lóòótọ́, òkè rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ òpó pátápátá. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ṣáfútì wà ní gíga mìlímítà 60, àárín páìpù sì ti sọ̀kalẹ̀ sí 57, nítorí pé irin tí a jó nígbà tí ó gbóná ti fa ara rẹ̀ wọlé bí ó ti ń tutù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo bóòtù fún apá tí ó di páìpù mú dípò kí n jó o pa.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni bí a ṣe ń gbé irin áńgù, irin tí ó rí bí lẹ́tà L, tí páìpù yóò jókòó sí. Púpọ̀ ènìyàn máa ń dojú inú áńgù kọ òkè, bí ọpọ́n omi adìẹ. Nígbà náà, bí páìpù bá ṣe tóbi tó ni àárín rẹ̀ yóò ṣe ga tó. Nínú áńgù onídígíríì 90, àárín páìpù tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 25.4 máa ń fi mìlímítà 18 jìnnà sí igun inú áńgù, ti 38.1 á fi 27 jìnnà sí i, ti 50.8 á sì fi 36 jìnnà sí i. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ páìpù ni a óò máa wá nǹkan fi gbé e sókè tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ áńgù náà sí ẹ̀gbẹ́, kí inú rẹ̀ kọjú sí ayùn. Bí páìpù bá tóbi tàbí kéré, iwájú tàbí ẹ̀yìn ni àárín rẹ̀ yóò lọ, gíga rẹ̀ kò sì ní yí padà. Èyí tí ó tún dùn mọ́ mi nínú jù ni pé bí ayùn bá ṣe ń ti páìpù tó ni páìpù yóò ṣe máa wọ inú áńgù tó, dípò kí ó máa wá ọ̀nà sá.

Àwọn ohun tí a óò kó jọ

Ẹ wá pléètì irin méjì tí ó nípọn ní mìlímítà 10. Ìdí irinṣẹ́ ni èkíní, kí ó gùn tó mìlímítà 400, kí ó sì fẹ̀ tó 250. Apá ni èkejì, 220 sí 120. Irin áńgù 50 sí 50, tí ó nípọn ní mìlímítà 6, ni ó tọ́, kí gígùn rẹ̀ sì tó 120. Ẹ óò tún nílò irin róbótó gbọọrọ tí ara rẹ̀ ń dán, tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 20, fún ṣáfútì. Òmíràn tí ó fẹ̀ ní 50, tí ó sì gùn ní 120, fún ilé ṣáfútì. Búùṣì idẹ méjì tí inú wọn jẹ́ 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn tó 30. Àjákù pléètì fún ẹsẹ̀. Àti bóòtù mìlímítà 12 àti 8 pẹ̀lú nọ́ọ̀tù àti wáṣà wọn. Ní Owódé Onírin ní Èkó, àti ní ọjà irin àlòkù èyíkéyìí tí ó bá súnmọ́ ẹni, a lè rí gbogbo rẹ̀ rà láàárín òwúrọ̀ kan. Kí pléètì má ṣe jẹ́ èyí tí ó ti tẹ̀. Ẹ gbé irin gbọọrọ lé e lórí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń kọjá.

Lórí ọ̀rọ̀ ayùn, ẹ má fi owó ṣòfò. Àwọn ayùn dúdú olówó pọ́ọ́kú tí a ń tà pọ̀ nínú páálí kan, tí ọ̀pọ̀ wọn wọnú ara wọn, igi àti ike ni wọ́n wà fún, ehín wọn kò sì ní kọjá páìpù kan kí ó tó kú. Èyí tí a nílò ni bi-metal, tí ehín rẹ̀ jẹ́ irin líle tí a fi ń gé irin, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ irin tí ó lè rọ̀ díẹ̀ láìṣẹ́.

Títóbi ayùn ni ibi tí àṣìṣe ti máa ń pọ̀ jù. Òpó tí páìpù fẹ́ fara tì ni a fi ń yan ayùn, kì í ṣe páìpù tí a fẹ́ gbẹ́. Bí òpó bá fẹ̀ ní mìlímítà 38, ayùn 38 ni, kódà bí páìpù tí a ń gbẹ́ bá jẹ́ 25. Ẹ sì má gba orúkọ tí ọlọ́jà ń pe páìpù gbọ́. Páìpù omi tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan fẹ̀ ní mìlímítà 33.4 láti ìta dé ìta, èyí tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan àtààbọ̀ sì jẹ́ 48.3, nígbà tí páìpù tí a fi ń ṣe àga àti réèlì, tí òun náà ń jẹ́ íǹṣì kan àtààbọ̀, jẹ́ 38.1. Orúkọ kan náà ni, ara wọn kò bára mu. Kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣáfútì àti ilé rẹ̀

Ẹ gbé irin mìlímítà 20 náà lọ fún ẹni tí ń lo lathe, kí ó gé e sí gígùn 250. Kí ó gbẹ́ orí kan sí mìlímítà 12, ní gígùn 40, kí ó lè wọ ẹnu dírílì tí ń gba 13. Kí ó fa eyín bóòtù sí orí kejì, ní ìwọ̀n ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì, kí eyín náà sì jẹ́ 18 nínú íǹṣì kan, nítorí pé ìyẹn ni ẹ̀yìn ayùn bi-metal tí ó tó mìlímítà 32 sókè sábà máa ń gbà. Àwọn tí ó kéré sí ìyẹn máa ń gba ààbọ̀ íǹṣì oníyín 20, ẹ sì lè ní kí ó gbẹ́ ṣáfútì kejì fún wọn. Ẹ mú ayùn yín dání lọ, kí ó fi wọ̀n ọ́n lójú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ayùn bá ń ṣiṣẹ́, yóò máa dè sí i lórí ṣáfútì, títí ọwọ́ kò fi ní lè tú u mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tù pẹlẹbẹ kan wọ eyín náà, kí ẹ tó yí ayùn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ayùn, nọ́ọ̀tù ni ẹ óò kọ́kọ́ dẹ̀, ayùn yóò sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. A kò nílò irin ìlùhò tí ó máa ń wà láàárín ayùn yìí rárá, nítorí pé búùṣì ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà.

Irin mìlímítà 50 ni kí ó lu ihò la já, kí búùṣì idẹ lè wọ orí rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú agbára. Bí búùṣì méjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ayùn kò ní mì tó, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọ̀kan sí orí kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń fi gírísì kún àárín. Ṣùgbọ́n kí ó má tíì ti búùṣì wọ̀ ọ́ lónìí. Ẹ gba ilé náà bí ó ti ṣófo, kí ẹ lọ jó o mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó gbé e padà fún un kí ó ti búùṣì wọlé, kí ó sì tún inú wọn gbẹ́ títí ṣáfútì yóò fi máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ láìmì. Búùṣì tí a bá fi iná yá lójú yóò tú, èyí tí a bá sì fi agbára tì wọlé, inú rẹ̀ á fún ju bí ó ti wà lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹsẹ̀ ilé ṣáfútì

Ẹ gé àjákù pléètì méjì sí 80 ní fífẹ̀ àti 100 ní gíga. Ẹ jó wọn mọ́ra ní ojú kan tàbí méjì, bí ìgbà tí a ń fi tákì mú nǹkan, kí ẹ wọn mìlímítà 60 láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi pọ́ńṣì sàmì sí i, kí ẹ sì fi ayùn róbótó 51 lu wọn já papọ̀. Bí a bá lu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ihò méjèèjì kò ní dọ́gba láéláé. Ẹ fi fáílìn ya wọn, kí ẹ ti ilé ṣáfútì bọ inú wọn, kí ẹsẹ̀ kan wà nítòsí orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fa ìlà kan gbọọrọ sórí pléètì ìdí, ní mìlímítà 60 sí ọ̀kan nínú etí rẹ̀ gígùn. Orí ìlà yìí ni ilé ṣáfútì yóò dúró sí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi mìlímítà 10 jìnnà sí etí kúkúrú. Ẹ wọn jíjìnnà ilé náà sí ìlà àti gíga rẹ̀ sí pléètì níwájú àti lẹ́yìn. Bí ohun gbogbo bá bára mu, ẹ jó o ní ojú kéékèèké mẹ́rin tí ó kọjú síra, kí ẹ dúró kí ó tutù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá jó o díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ní òsì lẹ́ẹ̀kan. Má ṣe da omi sí i.

Kí ẹ sì jó ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin sí abẹ́ pléètì ìdí, tí gíga wọn tó mìlímítà 30, kí orí bóòtù tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ lè rí àyè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: apá tí ó ń yí

Láti ẹnu ilé ṣáfútì, ẹ wọn mìlímítà 85 síwájú lórí ìlà tí ẹ ti fà, kí ẹ sì lu ihò mìlímítà 12 síbẹ̀. Bóòtù tí yóò wọ ihò yìí ni apá yóò máa yí ká. Ihò kan náà ni ẹ óò lu sí orí kan pléètì apá, ní àárín fífẹ̀ rẹ̀ àti ní mìlímítà 20 sí etí. Kí bóòtù má ṣe ní àlàfo nínú ihò yìí. Bí ó bá ń mì, igun tí a bá wọ̀n kò ní jẹ́ òótọ́.

Ẹ fi òkúta fáílìn nu ìsàlẹ̀ apá náà kí ó dán, kí ẹ gbé e sórí ìdí, kí ẹ sì fi bóòtù náà mú un. Pẹ̀lú ìwọ̀n igun, ẹ dúró apá náà kí ó bá ṣáfútì ṣe dígíríì 90, kí ẹ sàmì síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òdo wa. Láti ibẹ̀, ẹ ó máa yí apá lọ sí ìhà tí ó jìnnà sí dírílì. Bí ẹ bá fẹ́ sàmì sí àwọn igun yòókù, má ṣe gbára lé ike ìwọ̀n igun ọmọ ilé-ìwé. Láti àárín bóòtù, ẹ wọn mìlímítà 200 lórí ìlà òdo, kí ẹ sì ti ibẹ̀ wọn síta ní ìlà tí ó bá a ṣe igun 90: mìlímítà 53.6 yóò fún yín ní dígíríì 15, 115.5 yóò fún yín ní 30, 200 gan-an yóò sì fún yín ní 45. Bí ojú ìwọ̀n kan bá bọ́ sí ìta pléètì, ẹ fi páálí sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi kún un.

Bóòtù kejì ni yóò máa di apá mú sí igun tí a bá yàn. Ẹ lu ihò rẹ̀ sí apá ní mìlímítà 130 sí bóòtù àkọ́kọ́, nítòsí etí apá kí áńgù má baà bò ó, kí ẹ sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ya ìlà róbótó tí ó ń gbà lórí ìdí bí apá ti ń yí láti òdo dé 45. Ẹ lu ihò tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà yìí, kí ẹ gbẹ́ àárín wọn kúrò, kí ẹ sì fi fáìlì tán án títí bóòtù yóò fi lè rìn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó sì lè gba ọ̀sán kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: áńgù tí páìpù yóò jókòó sí

Áńgù náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nítòsí bóòtù ìyíká jù, nítorí pé bí apá bá yí dé 45, orí áńgù yóò sún mọ́ ojú ọ̀nà ayùn. Kí mìlímítà 70 wà láàárín wọn. Ẹ gé àjákù pléètì méjì, kí ẹ gé igun 90 sí ẹ̀gbẹ́ wọn tí yóò kọjú sí dírílì, kí ẹ jó áńgù sínú igun náà, kí ẹ sì jó ẹsẹ̀ kéékèèké sí ìsàlẹ̀ wọn fún bóòtù mìlímítà 8. Igun inú áńgù yóò wà ní mìlímítà 27 sẹ́yìn ìlà tí ó gba àárín bóòtù ìyíká kọjá, kí àárín páìpù 38 lè bọ́ sórí bóòtù náà gan-an.

Gíga tí a ń wá fún igun inú áńgù ni 60 láti orí ìdí. Apá nípọn ní 10, nítorí náà 50 ni ó kù, ṣùgbọ́n 49 ni kí ẹ gé e sí. Ìdí ni pé ó rọrùn láti gbé irin sókè, ó sì nira láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Agolo mílíìkì tí a ti mu tán ni mo máa ń gé sí pẹlẹbẹ kéékèèké tí mo sì ń kì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ áńgù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn ní nǹkan bí mìlímítà 0.2, a sì lè fi kún un tàbí yọ ọ́ bí ó bá ṣe yẹ.

Báyìí ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ṣáfútì gbọ́dọ̀ ga ní 70 sí ìdí, nítorí pé ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 10. Bí ó bá jẹ́ 70.4 ni ẹ bá, àárín rẹ̀ wà ní 60.4, òun sì ni ẹ óò máa fi ṣe ìṣirò. Ẹ gbé páìpù 25.4 sínú áńgù, kí ẹ wọn orí rẹ̀, kí ẹ sì yọ 12.7 kúrò. Ẹ tún gbé 50.8 síbẹ̀, kí ẹ yọ 25.4 kúrò. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ti ṣáfútì mu. Bí wọ́n bá jọ kéré sí i bákan náà, ẹ fi agolo kún abẹ́ ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá tọ́ tí èkejì kò sì tọ́, áńgù náà fì sí iwájú tàbí ẹ̀yìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi agolo sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹsẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ má ṣe kánjú kúrò níbí. Wákàtí kan tí a bá lò síbí kò pọ̀ jù.

Fún ìdìmú, ẹ jó irin kan kí ó dúró lórí apá níwájú áńgù, ní apá tí ó jìnnà jù sí ayùn, kí ẹ jó nọ́ọ̀tù 12 mọ́ ọn ní gíga kan náà pẹ̀lú àárín páìpù, kí ẹ sì yí bóòtù gígùn kan gbà á kọjá. Ẹ jó àjákù áńgù kékeré sórí wáṣà kan ní ẹnu bóòtù náà, kí ó lè gbá páìpù mú láìtẹ ara rẹ̀ wọlé.

Bí a ṣe ń lò ó

Gígùn tí a ó gé páìpù sí rọrùn láti mọ̀: láti àárín òpó kan dé àárín òpó kejì ni. Bí a bá sì gbé e sínú áńgù, kí orí rẹ̀ tí a gé tẹ́ dé ìlà àárín ṣáfútì gan-an. Ayùn yóò gé gbogbo ohun tí kò yẹ kúrò, ìwọ̀n yóò sì bọ́ sí i.

Ẹ̀gbẹ́ kejì páìpù ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá gbẹ́ orí kan, tí a sì yí páìpù padà láti gbẹ́ orí kejì, ẹnu méjèèjì lè má kọjú sí ibì kan náà. Kí a tó gé ohunkóhun, ẹ dojú inú irin áńgù gígùn kan dé ara páìpù, yóò fúnra rẹ̀ jókòó ní gbọọrọ, kí ẹ sì fi ẹ̀fun ya ìlà tẹ̀lé etí rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ìlà yìí ni ẹ óò máa gbé kan etí òkè áńgù irinṣẹ́ yín nígbà méjèèjì.

Ẹ wọ awò tí ń dáàbò bo ojú, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ká apá aṣọ sókè, nítorí pé ayùn tí ń yí kì í fi aṣọ tí ó bá mú sílẹ̀. Kí dírílì ní ọwọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì dì í mú gírígírí, nítorí bí ehín bá há lójijì, dírílì ni yóò fẹ́ yí, ó sì lè rọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ fi kíláǹpù de irinṣẹ́ náà mọ́ tábìlì.

Ayùn kò fẹ́ eré. Fún mìlímítà 25, bí ìyípo 350 ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Fún 38, bí 230. Fún 51, bí 170. Bí páìpù bá jẹ́ stainless, irin tí kì í dípẹtà, ẹ dín in kù sí ìlàjì. Ẹ máa kán ọ́ìlì sí ehín rẹ̀. Nígbà tí ayùn bá kọ́kọ́ kan etí páìpù, ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni ehín yóò ti máa jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó rọra wọlé, kí ẹ má tì í. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé, ẹ lè fi agbára díẹ̀ kún un, kí ẹ sì tún dẹwọ́ bí ó bá kù díẹ̀ kí ó já. Bí irin tí ń jáde bá jẹ́ gbọọrọ tí ó ká, iyára yín dára. Bí èéfín bá ń rú tí irin sì ń di búlúù, ó ti yá jù. Àjẹkù irin tí ó bá há sínú ayùn, ẹ fi ṣùkúdìráfà tì í jáde láti ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà dírílì kúrò níná.

Ní igun 45, ọ̀nà tí ayùn ń gbà la páìpù já gùn sí i: páìpù 25 yóò gba mìlímítà 36, páìpù 38 yóò sì gba 54, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀pọ̀ ayùn kò jìn ju nǹkan bí 38 sí 48 lọ. Bí ìdí ayùn bá kan àjẹkù inú rẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ fi ṣíṣẹ́lì ṣẹ́ àjẹkù náà kúrò, kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Pẹ̀lú ayùn 51, ẹ má ṣe yí apá kọjá dígíríì 35, kí ehín má baà lọ jẹ orí áńgù.

Bí òpó àti páìpù bá jọ fẹ̀ bákan náà, etí ẹnu tí a gbẹ́ yóò mú ṣóńṣó bí abẹ. Ẹ fi fáìlì yọ nǹkan bí mìlímítà 1 kúrò lórí etí méjèèjì, nítorí irin tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ yóò yọ́ kí iná tó dé ara òpó. Bí páìpù bá jẹ́ èyí tí a fi síǹkì bò, ẹ ha funfun ara rẹ̀ kúrò yíká ibi tí ẹ fẹ́ jó, kí ẹ sì jó o níta gbangba. Èéfín rẹ̀ máa ń fún ni ní ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Electrode gauge 12 ni mo ń lò fún páìpù mìlímítà 1.5, bí ẹnu bá sì jókòó dáadáa, ojú mẹ́rin yóò kọ́kọ́ mú un, kí a tó wá parí yíká.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nu ẹ̀rún irin kúrò lára ṣáfútì, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á, kí ẹ sì fi rọ́bà tàbí aṣọ dí ẹnu ilé rẹ̀ kí eruku má wọlé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ di ẹnu ṣáfútì mú kí ẹ mì í sókè sódò. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó dún kọ́, búùṣì ti jẹ, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ń lo lathe kí ó ti tuntun wọlé kí ẹ tó tún gbẹ́ páìpù mìíràn.